Wọ́n ní gáàsì ni, àmọ́ ọkàn mi kò gbà

Ìyá kan tó ń tajà ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 53 ni mí, léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà, àjà kẹta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti bí oṣù méjì báyìí, tí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn láàárọ̀, nǹkan kan á fún mi lọ́fun, á lọ sí àgbọ̀n àti ẹ̀yìn, òógùn á bò mí. Tí mo bá jókòó díẹ̀, á lọ. Ẹni tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ ní gáàsì ni, oògùn ọgbẹ́ inú ló ń fún mi. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 48, sùn lọ́dún tó kọjá, kò jí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń sọ pé ó rẹ òun, pé inú ń run òun. Mi ò sanra, mi ò mu sìgá, mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àfi èyí tó ṣe mí nígbà oyún ọmọ mi kejì ní 1998, ó sì lọ lẹ́yìn tí mo bímọ. Wọ́n ní àrùn ọkùnrin àti àrùn olówó ni àrùn ọkàn. Ṣé ó lè jẹ́ ọkàn ló ń ṣe mí? Àmì wo ni kí èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi máa wò?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù àbúrò yín. Kí Ọlọ́run tu gbogbo yín nínú. Ẹ̀rù ń bà yín pé ohun tó mú àbúrò lọ ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín, àwọn tó yí yín ká sì ń sọ pé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò yẹ obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì tààrà, kí ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ka gbogbo èyí tán kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ ọkàn. Mi ò lè jókòó síbí kí n búra pé òun ni, nítorí mi ò tíì yẹ̀ yín wò. Àmọ́ ohun tí ẹ kọ yìí jọ ọ́ débi pé, ká ní ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi bí ni yín, mi ò ní jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀yin kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ìgbà tó ń dé àti ìgbà tó ń lọ ni mo wò. Ẹ ní tí ẹ bá ń gun òkè ló ń dé, tí ẹ bá jókòó ló ń lọ. Gáàsì kò mọ àtẹ̀gùn. Ọgbẹ́ inú máa ń bá ebi rìn, tàbí oúnjẹ, tàbí òru. Ó lè máa ta èèyàn níkùn nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kó má sì yọjú rárá nígbà tó ń ru ẹrù. Ọkàn ní tirẹ̀, ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ni, ó sì ní àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ òun fúnra rẹ̀. Tí àwọn iṣan yìí bá ti ń dí, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbabẹ̀ kọjá á ṣì tó o lò nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹ wò ó bí omi ẹ̀rọ tó ń yọ tín-ín-rín nínú ilé tí èrò kún ní Mushin: ẹni kan lè gbé korobá sí i lóru kó kún, àmọ́ tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀ tí gbogbo yàrá jí, ariwo dé. Àtẹ̀gùn àjà kẹta yẹn ni aago mẹ́fà àárọ̀ fún ọkàn yín. Ó lè jẹ́ àgbọ̀n ni ariwo náà máa ti jáde, tàbí ẹ̀yìn, ọ̀fun, èjìká, apá òsì tàbí ọ̀tún, kódà òkè ikùn, torí pé àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn ìrora láti ọkàn lọ sí ọpọlọ ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú ti àwọn ibi wọ̀nyẹn, ọpọlọ kì í sì í mọ ẹni tó ké nínú wọn.

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àyà kì í dun obìnrin rárá tí àrùn ọkàn bá kọ lù ú. Àsọdùn ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń mọ nǹkan lára ní àyà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti obìnrin sábà máa ń kó èrò lẹ́yìn wá: èémí tó ń gé, èébì tó ń gbéni, àárẹ̀ tí oorun kò lè wò, òógùn tútù, ìrora ẹ̀yìn àti ti àgbọ̀n. Ariwo àwọn èrò yìí á wá bo ti àyà mọ́lẹ̀. Èdè wa tún dá kún un. Tí dókítà bá bi obìnrin pé "Ṣé àyà ń dùn yín?", á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Kò dùn ún. Ó ń fún un ni, ó wúwo, bí ẹni pé wọ́n gbé odó lé e láyà, tàbí bíi kọ́mú tó fún jù. Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora àyà, á kọjá síwájú. Bó bá ní "àyà mi ń já", ohun tí gbogbo wa máa gbọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Bó bá ní "ọkàn mi kò balẹ̀", a ó ní ó ń ronú ni, bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ, bóyá owó ọjà, nítorí orúkọ kan náà la fi ń pe ọkàn tó ń lù àti ọkàn tó ń ronú. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n ń fún ní oògùn oorun, tó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń lù ségesège. Nítorí náà, tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi gẹ́lẹ́: ohun tó ń gbé e dé, ibi tó ń gbà, ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò, ohun tó ń lé e lọ.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí, ó sì ṣì ń dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà nígbà náà, mo wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan lálẹ́ Sátidé. Wọ́n gbé obìnrin kan dé láti òde àríyá, tòun ti aṣọ ẹbí. Gèlè rẹ̀ ni mo ṣì ń rí: òógùn ti rin etí rẹ̀ gbingbin, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ lórí wa. Ó di òkè ikùn mú, ó ní, "Ẹran tí mo jẹ ni, ó ń run mí nínú." Mo gbà á gbọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọgbẹ́ inú sórí káàdì rẹ̀, tí mo ní kí wọ́n fún un ní oògùn olómi funfun, kó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi jókòó síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó wọṣẹ́ òru ló kọjá lára rẹ̀, tó fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, tó wá bá mi, tó ní, "Dókítà, òógùn ẹran kọ́ nìyí o." A ṣe ECG fún un, ìyẹn bébà tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sílẹ̀. Ohun tó wà lójú bébà yẹn kò ní àríyànjiyàn: ọkàn ni. Obìnrin náà yè. Àmọ́ ibi tó bá ti kú lára ẹran ọkàn kì í hù padà, kò sì lè dá gbé korobá omi mọ́ láti ọjọ́ náà. Wákàtí méjì yẹn wà lọ́rùn mi.

Ẹ wá béèrè pé ṣé àrùn ọkùnrin ni. Kárí ayé, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀, tí rọpárọsẹ̀ wà nínú wọn, ló ń pa obìnrin ju ohun mìíràn lọ. Nínú obìnrin mẹ́ta tó bá kú, wọ́n ń mú bí ẹyọ kan. Jẹjẹrẹ ọyàn tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, tó sì yẹ ká bẹ̀rù, kò pa tó bẹ́ẹ̀. Ti pé àrùn olówó ni ńkọ́? Ní 2012, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Aláìsàn 1,006 ni wọ́n wò, àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ débi tí wọ́n fi dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Ìdajì wọn jẹ́ obìnrin. Ọjọ́ orí wọn, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 52, ìyẹn ẹgbẹ́ yín gan-an, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó arúgbó ẹni 70 ọdún ló sábà máa ń wà lórí irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti bí 45 nínú 100 wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti lò gbó la ń rí jù. Iṣan ọkàn tó dí, bó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò tíì wọ́pọ̀ tó ìyẹn.

Èyí ló jẹ́ kí n dá kíkà lẹ́tà yín dúró nígbà tí mo dé 1998. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni sọ ohun tó ti kọjá, àmọ́ lójú tèmi òun ni gbólóhùn tó wúwo jù nínú ohun tí ẹ kọ. Oyún máa ń dán ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wò: ẹ̀jẹ̀ inú ara aboyún á fi bí ìdajì lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn á sì máa ti gbogbo rẹ̀ kiri. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún, pàápàá tí ẹsẹ̀ àti ojú bá wú, tí wọ́n rí ohun tí kò yẹ nínú ìtọ̀ rẹ̀, tàbí tí gìrì aboyún mú, ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ṣe. Bákan náà ni ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún, ẹni tó bímọ kí oṣù tó pé, àti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró kó tó pé ọmọ 40 ọdún. Wọ́n máa ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ó ti lọ, òótọ́ sì ni pé ó lọ sílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún títí ayé. Ẹ ní ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló wọ̀n ọ́n, ìgbà wo sì ni? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ orí, kì í yíni lójú, kì í ṣe ohunkóhun lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn títí yóò fi ba nǹkan jẹ́. Tó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti dé nìyẹn.

Pé ẹ ò sanra, pé ẹ ò mu sìgá, ó dára, ó dín ewu kù, àmọ́ kò pa á rẹ́. Nígbà tí nǹkan oṣù bá lọ, ààbò tí omi ara obìnrin ń ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa gòkè, bí èèyàn tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ó máa ń ba ọkàn obìnrin jẹ́ ju bó ṣe ń ba ti ọkùnrin lọ. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ kò tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kékeré kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ra oúnjẹ jẹ lọ́jà kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ iye kúùbù tí wọ́n sọ sínú ọbẹ̀. Irú ò ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Iyọ̀ àti kúùbù tí wọ́n ń dà lé e lórí ni kí ẹ ṣọ́. Ohun tí mo sì máa ń bi gbogbo oníṣòwò tó bá jókòó níwájú mi ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń gbé mì bíi gúgúrú lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè ṣe ọkàn àti kíndìnrín léṣe tó bá pẹ́.

Bí wọ́n bá wá rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé "oògùn tí a kì í yé lò" lé yín sá. Mo mọ ìdí tí àwọn obìnrin ọjà fi ń fi oògùn náà sílẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún dókítà. Oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ wà lára àwọn tó dára jù fún ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwa èèyàn dúdú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri ní Balógun ní aago mọ́kànlá àárọ̀, tí oníbàárà wà nílẹ̀, tí kò sì sí èyí tó mọ́ nítòsí? Wọ́n á fò ó lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á lò ó lọ́jọ́ Sunday. Ẹ sọ ọ́ síta. A lè yí àkókò rẹ̀ padà, a lè fi òmíràn dípò. Oògùn kan wà tó máa ń mú kọ́kọ́sẹ̀ wú, òmíràn máa ń fa ikọ́ gbígbẹ, obìnrin ló sì sábà máa ń ṣe jù. Gbogbo wọn ló ní àrọ́pò. Ní ti àgbo, mi ò ní bú u, ìyá tèmi náà mu ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n ń gbé kiri, àti pé mo ti tọ́jú àwọn tó fi oògùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tí apá kan ara wọn rọ.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ló kù. Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn, ilé ìwòsàn ìjọba, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù yín. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ní àwọn dókítà tó jẹ́ pé ọkàn nìkan ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á ṣe ECG, wọ́n á wo ṣúgà, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín. Ẹ fi sọ́kàn pé ECG tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹ sinmi, tí kò sí ohun tó ń fún yín, lè dára bíi ti ọmọdé, kí àrùn ṣì wà ńbẹ̀. Tó bá dára, ẹ má lọ sílé lọ jó. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa ń mú èèyàn rìn lórí ẹ̀rọ, àti àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ń wo bó ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Èyí tí wọ́n ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan ọkàn gan-an lọ wò ó wọ́n gidi, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ná, kí n wo bí ara ṣe gbà á. Ohun kan tún wà tó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ: iṣan ńlá á mọ́ gaara, àwọn wínníwínní tó wà nínú ẹran ọkàn ló máa ní ìṣòro, ẹ̀rọ tó lè fi wọ́n hàn kò sì wọ́pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kò sí nǹkan kan, tí ó ṣì ń fún un tó bá gun òkè, kì í purọ́. Tí ẹ ò bá tíì sí nínú Ìlera Èkó, ìyẹn ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè èyí tó máa san àti èyí tí kò ní san nínú àwọn àyẹ̀wò yìí.

Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó dé, tí ẹ jókòó, tí kò lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí tó dé nígbà tí ẹ sinmi, tàbí tó bá òógùn tútù, èébì, èémí gígé tàbí òòyì wá, kẹ́míìsì kọ́ ni ẹ ó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní dúró de àárọ̀. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 tàbí 767. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà lórí afárá Third Mainland, ẹ má sọdá lọ wá dókítà tí ẹ mọ̀. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù tó ní ECG ni. Ẹ lọ wádìí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ara tó béèrè fún un. Ẹ má fúnra yín wakọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ECG. Láàárín ìṣẹ́jú 10 tí èèyàn bá wọlé ló yẹ kí wọ́n ṣe é, kí ẹni tó bá tẹ̀lé yín má sì tijú láti tún un sọ. Aspirin tí wọ́n ń ní kí èèyàn jẹ lẹ́nu ń gba ẹ̀mí là nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí iṣan bẹ́ lórí tàbí tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ṣáájú bóyá ó yẹ yín, kí ẹ má sì sọ ọ́ di oògùn ojoojúmọ́ fúnra yín.

Nípa àbúrò yín, mi ò lè sọ ohun tó pa á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́ báyìí. Àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan àti inú rírun lè jẹ́ ọkàn, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà, nítorí ìyá tàbí ọmọ ìyá obìnrin tí àrùn ọkàn bá mú kó tó pé 65 ń kà sí yín lọ́rùn, àti sí àwọn ọmọ yín. Ní ti àwọn ọmọbìnrin yín, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí. Èyí tó bá sì wà nínú oyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú wọn, ẹ ṣọ́ ọ láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí ọmọ á fi pé oṣù márùn-ún: tí kò bá lè dùbúlẹ̀ gbalaja láìjẹ́ pé èémí ń gé e, tó ń húkọ́ lóru, tí ìrọ̀rí kan kò tó o mọ́, tí ẹsẹ̀ ń wú dípò kó máa fọn, kí ẹ má sọ pé omi ìbímọ ni tàbí pé ọmọ ló ń rẹ̀ ẹ́. Àìsàn ọkàn kan wà tó jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ló máa ń mú ìyá ọmọ. Kano àti Zaria ni wọ́n ti rí i jù nílẹ̀ wa, àmọ́ a ń rí i ní Èkó níbí, tí wọ́n bá sì tètè mú un wá, ọ̀pọ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ ló ń padà bọ̀ sípò.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sórí bébà, títí kan ti ẹni ìsàlẹ̀ yẹn, kí ẹ mú un dání lọ́la. Bí káàdì ìgbà oyún 1998 bá sì ṣì wà nínú àpótí níbi tí àwọn ìyá máa ń tọ́jú irú rẹ̀ sí, ẹ wá a jáde lálẹ́ òní. Dókítà lè má béèrè rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí tábìlì níwájú rẹ̀.